Gìtá Tí A Fọwọ́ Ara Wa Gbẹ́

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 16 kan àti bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan nínú ilé wọn ní Feltham, ní ẹ̀bá ìlú London. Gìtá oníná ni ọmọ náà ń fẹ́. Fender Stratocaster ló wù ú, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju ohun tí agbára ilé wọn ká lọ. Bàbá kò ní kó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí àwọn méjèèjì jọ ṣe é.

Brian May ni orúkọ ọmọ náà, ẹni tí gbogbo ayé padà wá mọ̀ gẹ́gẹ́ bí onígìtá ẹgbẹ́ olórin Queen. Harold ni bàbá rẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ iná mànàmáná débi pé tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń wò nílé, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Irinṣẹ́ ọwọ́ lásán ni wọ́n lò, iṣẹ́ náà sì gbà wọ́n tó ọdún méjì.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ọrùn gìtá náà jẹ́ pákó mahogany tí wọ́n yọ lára ibi ìdáná ilé àtijọ́ kan, èyí tí wọ́n ti fẹ́ kó dà nù. Kòkòrò ti lu ihò sí i lára. Igi ìṣáná ni May fi dí àwọn ihò náà. Lára tábìlì àtijọ́ ni igi óòkù tó wà láàárín ara rẹ̀ ti wá. Àwọn àmì róbótó funfun tó wà lójú ọrùn, èyí tí onígìtá fi ń mọ ibi tí ìka rẹ̀ dé, bọ́tìnnì ni wọ́n, láti inú àpótí ìránṣọ ìyá rẹ̀. Ọwọ́ irin tí a máa ń tẹ̀ kí ohùn lè mì lọ mì bọ̀, ara kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n ti yọ ọ́, níbi tí wọ́n ń so báàgì mọ́ lẹ́yìn ìjókòó. Orí abẹ́rẹ́ ìhunṣọ ni wọ́n fi dé ṣóńṣó rẹ̀. Sípíríǹgì méjì tó ń fa okùn padà sí àyè rẹ̀ jáde láti inú ẹ́ńjìnnì alùpùpù Panther ọdún 1928. Gbogbo owó tó jáde lápò wọn kò ju nǹkan bíi pọ́n-ùn 8 lọ.

Mo ti ka ìtàn yìí láìmọye ìgbà, ibi ihò kòkòrò yẹn ni mo máa ń dúró sí. Ẹni tó bá ra pákó tuntun lọ́jà á dá a padà bó bá rí ihò kan ṣoṣo lára rẹ̀. Ọmọ yìí jókòó tì í, ó ń dí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fá a kó dọ́gba, nítorí igi tó ní nìyẹn. Lójú tèmi, ìgbà yẹn gan-an ni gìtá náà ti di tirẹ̀, kí okùn kankan tó gun orí rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ wa bá ti ṣe wàhálà lé lórí tó bẹ́ẹ̀ kì í tún ṣe ọjà mọ́.

Èmi náà ti ń ṣe gìtá fún ìgbádùn ara mi láti bí ọdún mélòó kan, lẹ́yìn ilé wa ní Ìbàdàn, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. N kò tà á, n kò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé mo fẹ́ kí àwọn tí ọwọ́ wọn ń yún wọn mọ̀ pé iṣẹ́ náà kò kọjá agbára wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó yé wa ni bí gìtá oníná ṣe ń sọ̀rọ̀. Gìtá onípákó lásán, inú rẹ̀ tó ṣófo ló ń gbé ohùn jáde, bí ikùn ìlù. Ti oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ okùn irin rẹ̀ ni píkọ́ọ̀pù wà: òòfà ni, tí a fi wáyà kọ́pà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí wé ká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn bá ti ń mì, agbára òòfà náà á máa yí padà, iná kékeré kan á sì sáré gba inú wáyà lọ sí ampilifáyà. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Michael Faraday ti fi ọ̀nà yìí hàn ní ọdún 1831, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí gìtá oníná tó dé. Ìdí nìyí tí ara gìtá oníná fi lè jẹ́ igi tó dì gbagidi, tí káfíńtà àdúgbò èyíkéyìí lè gé.

Les Paul, onígìtá ará Amẹ́ríkà kan, mọ èyí ṣáájú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní nǹkan bí ọdún 1940, ó máa ń lọ sí ilé-iṣẹ́ Epiphone tó ń ṣe gìtá ní New York lọ́jọ́ Sunday, nígbà tí ibẹ̀ bá pa rọ́rọ́, kó lè fi irinṣẹ́ wọn ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ìtì igi páìnì onígun mẹ́rin kan ló mú, ó ki ọrùn gìtá bọ̀ ọ́, ó fi píkọ́ọ̀pù sí i, ó ta okùn sí i. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ni pé nígbà tí òun kọ́kọ́ gbé ìtì igi náà síwájú èrò, wọn kò kà á sí. Ó bá la gìtá àtijọ́ kan sí méjì, ó lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ìtì náà lọ́tùn-ún lósì, ni àwọn èèyàn tó wá gbà pé gìtá ni. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Mo máa ń rántí èyí nígbàkúgbà tí mo bá ti fẹ́ kánjú parí ìta gìtá nítorí pé inú rẹ̀ ti dára.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Leo Fender dé, atúnrédíò-ṣe ní ìlú Fullerton ní California, ẹni tí kò tilẹ̀ mọ gìtá ta. Òun ló mú kó gbilẹ̀ pé kí a má wulẹ̀ fi góòmù lẹ ọrùn mọ́ ara, kí a fi ìdè irin mẹ́rin dè é, bí ẹni de ẹsẹ̀ tábìlì. Bí ọrùn bá bàjẹ́, a ó tú u, a ó fi òmíràn sí i. Bí gìtá Telecaster ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 sí 1951 ṣe rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni Stratocaster tó tẹ̀ lé e ní 1954. Ọ̀pọ̀ àwa tí a ń ṣe é nílé, ìdè mẹ́rin yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ igi, nítorí ọ̀rọ̀ náà dé ilé wa. Ní ọdún 1958, ilé-iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà gbé gìtá méjì kan jáde tí ojú kò rí irú rẹ̀ rí: Flying V, tó rí bí ọfà tó ń fò, àti Explorer. Ọjà wọn kò yá. Láàárín ọdún 1958 sí 1959, Flying V tó jáde kò tó 100, Gibson sì dáwọ́ rẹ̀ dúró. Lónìí, àwọn díẹ̀ tó kù nínú wọn wà lára gìtá tó wọ́n jù lọ láyé. Korina ni Gibson pe igi tí wọ́n fi ṣe wọ́n. Orúkọ ọjà ni. Limba ni wọ́n ń pè é ní Kóńgò. Ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà níbí, igi kan náà ni àwọn oníṣòwò pákó ń pè ní afara, èyí tí wọ́n fi ń ṣe pákó àjà àti àga tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Mo ti rí afara tí wọ́n fi ṣe àpótí ìkó-ọjà-sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń rò pé igi gìtá gidi kò sí nílé wa, kó tún un rò.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gànwó, tí òyìnbó ń pè ní mahogany Áfíríkà: ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbẹ́ gìtá nílẹ̀ òkèèrè ló ń lò ó. Ìrókò wúwo, ṣùgbọ́n a lè fi ṣe ojú ọrùn. Kìkì pé eruku rẹ̀ máa ń ta imú àti awọ ara, kí ẹni tó bá fẹ́ yún un má ṣe fi ìbòmú ṣeré. Igi ọmọ̀ tí àwọn agbẹ́lù wa fi ń gbẹ́ ìlù fúyẹ́, ó sì gba ọ̀bẹ dáadáa. N kò tíì fi í ṣe gìtá, àmọ́ ó wà lọ́kàn mi.

Ọjà pákó Bódìjà ni mo ti ra ọ̀gànwó àkọ́kọ́ tí mo lò. Bàbá àgbà kan ló ń tà á.

“Ẹ káàsán o, Bàbá. Ọ̀gànwó tó ti gbẹ ni mò ń wá.”

“Káàsán, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ilẹ̀kùn ni àbí ibùsùn?”

“Gìtá ni, Bàbá.”

Bàbá wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa pákó kan yọ láàárín àwọn yòókù, wọ́n fi eegun ìka kàn án, wọ́n dẹ etí sí i. Wọ́n kan òmíràn. Wọ́n ní: “Gbọ́ èyí. Omi ṣì wà nínú rẹ̀, kò lè dáhùn. Gbọ́ tìbí yìí.” Èkejì dún gbangba, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ohùn náà tó kú. “Èyí ti ń sùn lábẹ́ òrùlé yìí láti ìgbà tí ìyàwó àbúrò mi ti bí àkọ́bí. Ọmọ yẹn ti ń lọ sílé ìwé.” Èyí tó ń sùn ni mo rà.

Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ló kọ́ mi pé ọ̀rinrin ni ọ̀tá wa àkọ́kọ́. Pákó tí kò gbẹ á lọ́ lẹ́yìn tí a bá ti gé e tán, pàápàá ọrùn, tó jẹ́ pé okùn mẹ́fà ló ń fà á láìsinmi. Lẹ́yìn tí mo gbé pákó délé, mo tún fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta nínú yàrá kí n tó fi ayùn kàn án.

Gígé ara gìtá kò le. A ó ya àwòrán rẹ̀ sórí páálí, a ó gbé e lé pákó tó nípọn tó nǹkan bí íńṣì kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, a ó sì gé e. Ọrùn ló gba ìṣirò. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn, tí a ń pè ní fúrẹ́ẹ̀tì, kò gbọdọ̀ ṣì àyè wọn. Bí gígùn okùn láti orí dé ìdí bá jẹ́ mílímítà 648, bí ti Fender, a ó pín in sí 17.817, á fún wa ní 36.37, ibẹ̀ ni fúrẹ́ẹ̀tì kìíní máa wà. A ó yọ ọ́ kúrò, á ku 611.63, a ó tún fi 17.817 pín in, á fún wa ní 34.33, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín èkíní sí èkejì. Bẹ́ẹ̀ la ó máa ṣe lọ. Bí ìṣirò wa bá pé, fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá á bọ́ sí 324 gẹ́lẹ́, ìdajì okùn. Nígbà tí mo wọn tèmi tó bọ́ síbẹ̀, mo pe ìyàwó mi wá wò ó.

Ti píkọ́ọ̀pù, ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà á, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀. Harold àti Brian kọ́kọ́ ṣe tiwọn. Wọ́n ra òòfà, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń wé wáyà. Ó dún, àmọ́ bí May bá fi ìka fa okùn sí ẹ̀gbẹ́ kí ohùn lè gòkè, ariwo tí kò fẹ́ á bá a jáde. Ó bá lọ ra mẹ́ta tí ilé-iṣẹ́ Burns ṣe, tí wọ́n ń pè ní Tri-Sonic, ó da góòmù líle sínú wọn kí wọ́n má baà máa hu, ó sì fi ìsọ̀rí swíìṣì sí i, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè dá sọ̀rọ̀ tàbí kí wọ́n jọ sọ ọ́. Ibi tí ọwọ́ wọn kò ká, wọ́n lọ rà á. Ibi tó ká, wọ́n ṣe é.

Mo ti sáré dé ibi tí mo fẹ́ràn jù, ìyẹn dídán ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ ti ń hàn. Lẹ́yìn tí a bá gé gìtá tán, ojú igi náà rí pákapàka. Sáńpépà nọ́ńbà 80 la ó kọ́kọ́ fi yún un, lẹ́yìn náà 120, 180, 240, títí dé 320. Bí igi ṣe sùn la ó máa yún un. Bí a bá dábùú rẹ̀, ojú á fojú fo ìlà náà nísinsìnyí, àmọ́ lọ́jọ́ tí a bá da àwọ̀ sí i, á yọ jáde bí ilà ojú. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé, ní alẹ́, màá pa iná yàrá, màá tan tọ́ọ̀ṣì, màá fi í sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa rá lójú rẹ̀. Gbogbo ìlà tó sá pamọ́ ní ọ̀sán á dìde. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa eèrà ni í rí ìfun inú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, màá fi aṣọ tí mo fi omi rẹ díẹ̀ nu gbogbo ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á bẹ̀rù, nítorí ojú igi tó ti ń yọ̀ tẹ́lẹ̀ á tún le, irun igi tó ti sùn á dìde. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bó bá gbẹ, a ó fi 320 gé irun náà, jẹ́jẹ́, kò sì ní dìde mọ́ nígbà tí lákà bá kàn án. Ọ̀gànwó tún ní ihò wẹ́wẹ́ lójú, bí ihò ara èèyàn. A ní láti fi ìdíhò kún wọn kí ojú rẹ̀ tó lè dán bí dígí.

Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ láti parí rẹ̀. Èkíní ni òróró. A ó fi aṣọ fi í ra igi, a ó dúró díẹ̀, a ó nu èyí tó ṣẹ́kù, a ó sì tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, fún bí ìgbà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀: aṣọ tí a fi nu òróró linseed lè gbiná fúnra rẹ̀ bí a bá ká a jọ sójú kan. Kí a tẹ́ ẹ síta kó gbẹ. Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ilé ti jó nítorí rẹ̀.

Èkejì ni lákà, èyí tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fín àga ń lò. Ibẹ̀ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú omi ojú. Oṣù kẹfà ni, òjò ti ń múra, mo sì ní kí n ṣáà parí gìtá náà. Mo fín in lẹ́ẹ̀kan, ó dán, pupa ọ̀gànwó náà yọ bí epo. Mo wọlé lọ mu omi. Nígbà tí mo padà dé, ojú rẹ̀ ti funfun bí ẹ̀kọ tútù. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ti há sábẹ́ lákà kó tó gbẹ. Iṣẹ́ oṣù márùn-ún ni mo ń wò yẹn. N kò lè fọwọ́ kàn án títí ọjọ́ kẹta. Sáńpépà ni mo fi yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, mo sì fi í pamọ́ di ìgbà ọyẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo fi lákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó le dáadáa, lẹ́yìn náà mo fi sáńpépà tó ń jẹ́ 1000, 1500 àti 2000 yún un pẹ̀lú omi àti ọṣẹ díẹ̀, kí n tó fi òwú àti oògùn ìdán pa á. Láti ìgbà yẹn, n kì í fín lákà nígbà òjò, bó ti wù kí ó wù mí tó.

Àwọn kan á bi mí pé kí ló dé tí n kò fi ra èyí tó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní èyí tí mo rà. Ó dára, n kò bú u. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé èyí tí mo ṣe, àtàǹpàkò mi mọ ibi tí ọrùn rẹ̀ ti wú díẹ̀ jù, nítorí èmi ni mo dáwọ́ dúró níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí iná lọ.

Èyí kì í ṣe ohun àjèjì láàárín wa. I. K. Dairo, tí a bí ní Ọ̀fà ní 1930, ọmọ káfíńtà ni. Ìlù tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ṣe fún un ní kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀, kó tó di ẹni tó gbé jùjú dé ibi tó dé. Bàbá kan ní Ọ̀fà, bàbá kan ní Feltham. Àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn, ohun kan náà ni wọ́n ṣe fún ọmọ wọn. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ ń kà èyí, bí ọmọ yín bá ń fi igi àti wáyà dí yín lọ́wọ́ nílé, ẹ má tètè lé e síta.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ ra pákó kan tó ti gbẹ lónìí, kí ẹ gbé e sínú yàrá. Ọyẹ́ ń bọ̀. Ní ti gìtá ibi ìdáná yẹn, ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2002, May gbé e gun orí òrùlé ààfin Buckingham, ó sì ta á síbẹ̀ níwájú ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Bọ́tìnnì ìyá rẹ̀ ṣì wà lójú ọrùn rẹ̀.